Nọ́ńbà Tí Kò Yẹ Kí N Rí

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí gbogbo ará yàrá iṣẹ́ wa ti lọ jẹun, mo rí ohun tí kò yẹ kí n rí. Kì í ṣe ìhòòhò ẹnikẹ́ni o. Nọ́ńbà lásán ni. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sí ojú kọ̀ǹpútà mi: 153.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú kọ̀ǹpútà náà, bí ọmọdé tó fọ́ abọ́ tó wá ń fi aṣọ bò ó. Kò wúlò. Mo ti rí i ná.

Kí ẹ má bàa rò pé orí mi ti dàrú, ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe. Lábẹ́ ilẹ̀ ibi iṣẹ́ wa, ẹ̀rọ kan wà tó rí róbótó bí òrùka, tó gùn débi pé ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín yí ká máa lo ọ̀pọ̀ wákàtí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú pùrótọ́ọ̀nù, àwọn ẹ̀yà tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, sáré, kí ó sì fi wọ́n kọ lu ara wọn. Oríṣiríṣi nǹkan ló ń fọ́n jáde níbẹ̀, báríọ́ọ̀nù kan tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa dá lé lórí sì wà lára wọn. Ìdílé kan náà ni òun àti pùrótọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n tiwa wúwo jù ú lọ dáadáa, kì í sì í pẹ́ láyé. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti tú ká di nǹkan mìíràn. Àlejò ni a ń pè é nínú ẹgbẹ́ wa, torí pé kì í jókòó. Iṣẹ́ tèmi ni láti wọn iye àkókò tó ń lò kó tó tú ká. Fẹ́mútò la fi ń kà á. Bí ẹ bá gé ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, tí ẹ tún mú ẹyọ kan nínú ìyẹn, tí ẹ gé e sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ohun tó kù sí yín lọ́wọ́ ni fẹ́mútò kan.

Èèwọ̀ kan wà nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń wọn nǹkan kò gbọdọ̀ rí èsì rẹ̀ títí gbogbo àyẹ̀wò yóò fi parí. Bí nọ́ńbà bá wu èèyàn, kò ní wá àṣìṣe mọ́. Bí kò bá wù ú, yóò máa wá àṣìṣe kiri títí yóò fi rí ọ̀kan mú. Nítorí náà, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ọ̀gá wa, olórí ẹgbẹ́, tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí kan sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà fi ọ̀rọ̀ náà yan nọ́ńbà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ó sì ń fi í kún èsì wa nígbà gbogbo. Ohun tí mo ti ń rí láti ọdún mẹ́ta ni èsì tí wọ́n da aṣọ bò. Ọjọ́ tí a máa ká aṣọ náà kúrò là ń pè ní ọjọ́ ìṣíṣọlójú. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló bọ́ sí. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà péré.

Bí mo ṣe kó sí i rèé. Láti àárọ̀ ni àwòrán kan tí mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yà fún mi ti ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Agbanájẹ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Mo rántí pé mo ti kọ kóòdù kan tó ń ya irú àwòrán yẹn láìní wàhálà, nígbà tí mò ń fi dátà àtọwọ́dá dánra wò. Dátà àtọwọ́dá ni èyí tí a fúnra wa ṣe, tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó ń da aṣọ bo nǹkan kan níbẹ̀. Mo mú kóòdù náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ dátà gidi, mo ní kó ṣiṣẹ́. Ìlà tó ń da aṣọ bo èsì kò sí nínú rẹ̀ rárá, mi ò sì rántí. Àwòrán náà dára, ó gún régé. Nọ́ńbà gidi sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ká ní nọ́ńbà mìíràn ni, bóyá ǹ bá kàn gbọ̀n ọ́n nù kúrò lórí mi, kí n gbìyànjú láti gbàgbé. Ṣùgbọ́n 153 kẹ̀! Bàbá Kékeré mi, àbúrò bàbá mi tó tọ́ mi dàgbà, ló kọ́kọ́ wọn Àlejò láyé yìí, ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. 150 ló kéde. Nígbà tó di ọdún kejì, ẹgbẹ́ méjì mìíràn wọn ọ́n, àwọn méjèèjì rí 90. Wọ́n fi Bàbá Kékeré ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbàgede. Ó di pé bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wọn nǹkan tí kò bójú mu, wọ́n á ní kó má ṣe bíi ti bàbá oní-àádọ́jọ yẹn o. Kò bá wọn jà. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èmi tí ó fi igi ìṣáná kọ́ ní bí a ṣe ń pín nǹkan, mo ti pinnu láti kékeré pé màá wọn Àlejò, màá sì dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Ìdí tí mo fi wà níbí gan-an nìyẹn. Mo sì ti wá rí i báyìí pé òun ló tọ̀nà.

Inú mi dùn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Fún bí ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́rìn-ín ní èmi nìkan. Lẹ́yìn náà ni mo wá ro ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Tí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé mo ti wo nọ́ńbà náà, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lè bómi lọ. Ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé e fún kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá Kékeré sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo gbé fóònù, mo pè é. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá Kékeré."

"Ọmọ mi! Kí ló dé tó o fi ń pè lọ́sàn-án? Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Mo ní kí n kí yín ni."

"Kú iṣẹ́ o. Àlejò wa ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ọjọ́ Ajé la máa ṣíṣọ lójú ẹ̀."

"O ò tíì wò ó, àbí?"

"Rárá, sà."

"Má wò ó o. Ṣé o gbọ́ mi? Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má wò ó."

Gbogbo ọjọ́ Àìkú tó bá pè mí ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń rò pé àgbà ń gba ọmọ nímọ̀ràn lásán ni. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mi ò purọ́ fún un rí látọjọ́ tí mo ti dáyé, àyàfi ọjọ́ tí mo jẹ ṣúgà inú agolo.

Mo pinnu pé màá pa á mọ́ra. Mo ní ọjọ́ mẹ́fà kì í ṣe ayérayé. Mo ṣáà ti parí iṣẹ́ mi kí n tó rí i, kí ló tún kù tí mo lè bà jẹ́?

Ohun tó kù náà ni ìbéèrè kan láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbéèrè. Obìnrin kúkúrú kan ni, tó máa ń ki pẹ́ńsùlù bọ inú irun rẹ̀, táá sì máa wá pẹ́ńsùlù náà kiri orí tábìlì. Òun ni olórí àwọn mẹ́ta tí wọ́n yàn láti yẹ iṣẹ́ wa wò kí a tó lè gbé e jáde. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó ti fi ìbéèrè mọ́kànléláàádọ́fà ránṣẹ́ sí mi, mo sì dáhùn gbogbo wọn pẹ̀lú ìbínú. Nígbà mìíràn, mo máa ń tẹ lẹ́tà kọ̀ǹpútà yẹn bí ẹni ń lu aṣọ lórí òkúta. Lójú tèmi, obìnrin náà kàn kórìíra mi ni, kò sí nǹkan mìíràn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, a ṣe ìpàdé. Ọ̀gá jókòó sí ìkángun tábìlì pẹ̀lú agolo bísíkíìtì rẹ̀. Ìyá Ìbéèrè ṣí ìwé rẹ̀.

"Ìbéèrè kejìléláàádọ́fà," ó ní. "Ẹ̀rọ tó ń ṣa èyí tí a máa tọ́jú nínú àwọn ìkọlù yẹn, ó máa ń fo àwọn Àlejò tó bá tètè tú ká jù. Àwọn tó pẹ́ díẹ̀ ló ń rí. Mi ò rí àtúnṣe kankan fún ìyẹn nínú iṣẹ́ yín."

Mo mọ ohun tí àtúnṣe náà máa ṣe. Bí a bá ka àwọn tí ẹ̀rọ náà fò mọ́ àwọn yòókù, èsì máa wálẹ̀. 153 á di bíi 145 tàbí kó tún kéré sí i, á sì máa lọ sọ́nà 90.

"Kò pọn dandan, Mà," mo ní. "Kékeré ni. Kò tó nǹkan tó yẹ ká dààmú lé lórí."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé kékeré ni?"

"Mo mọ̀ ni, Mà. Ó ṣáà ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀yin kàn fẹ́ kí a má parí iṣẹ́ yìí láéláé ni! Ìbéèrè lónìí, ìbéèrè lọ́la, kí la fi ṣẹ̀ yín gan-an?"

Ọ̀gá fi bísíkíìtì tó fẹ́ jẹ sílẹ̀. Ìyá Ìbéèrè kò gbaná jẹ bíi tèmi. Ó wá ìwé kan jáde láàárín àwọn ìwé rẹ̀, ó gbé dígí sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: "'Ó yẹ kí a ṣe àtúnṣe fún àwọn tí ẹ̀rọ ìṣàyàn ń fò. Kò kéré rárá. Bí a bá fi sílẹ̀, èsì wa kò ní jóòótọ́.' Oṣù tó kọjá ni wọ́n kọ èyí. Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni," mo ní.

"Kí ló wá yí padà láti oṣù tó kọjá?"

Mo mọ ohun tó yí padà, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n nínú yàrá náà. Ọ̀gá dá sí i pé ká dá ọ̀rọ̀ náà dúró títí di ọ̀la, pé bóyá ó ti rẹ̀ mí. Mo jáde, mo lọ jókòó sínú balùwẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó ká mi lára jù ni pé, nígbà tí mò ń jiyàn yẹn, mo gba ara mi gbọ́. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ó dá mi lójú pé ẹ̀tọ́ ni mò ń jà fún.

Ní Ọjọ́bọ̀, bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́, mi ò tiẹ̀ bọ́ kóòtù mi. Mo lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Ìbéèrè. Yàrá rẹ̀ kéré, ìwé sì kún orí àga kan ṣoṣo tí àlejò lè jókòó lé. Mo kúkú dúró.

"Mà, mo ti rí nọ́ńbà náà," mo ní. "Àná kọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Kóòdù ọjọ́ tí mò ń dánra wò ni mo gbé lé dátà gidi, ó sì yọ sí mi. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń jà lánàá. Mi ò fẹ́ kó wálẹ̀." Ẹkún gbọ̀n mí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyà jẹ àwọn yòókù. Èmi ni mo ṣe é."

Ó yọ dígí ojú rẹ̀.

"Èló lo rí?"

"153, Mà."

"Háà," ó ní. "Àbájọ." Ó dìde, ó kó ìwé orí àga náà sílẹ̀. "Jókòó. Jókòó, kó o tó ṣubú lé mi lórí. Ohun tó o rí yẹn kì í ṣe nọ́ńbà wa."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa ni.

"Aṣọ méjì la dà bò ó," ó ní. "Ọ̀gá rẹ ló da àkọ́kọ́, ìyẹn ni ìwọ mọ̀. Ìkejì, èmi ni. Kí wọ́n tó kó fáìlì yín fún yín, mo bẹ olùtọ́jú dátà pé kó yí gbogbo àkókò Àlejò tó wà nínú ẹ̀ padà. Kò fọwọ́ kan àwọn báríọ́ọ̀nù yòókù tí a ti mọ iye àkókò tiwọn, kẹ́ ẹ má bàa fura. Àpòòwé tí a kọ ọ́ sí wà nínú dúrọ́ọ̀ mi níbí, mo fi tépù lẹ̀ ẹ́ pa. Ó lè jẹ́ pé a fà á gùn. Ó lè jẹ́ pé a gé e kúrú. O ò mọ̀."

Mo jókòó. Mo mí kanlẹ̀. Mo tún mí. Ọjọ́ méjì ni mo ti fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri láìmọ̀ bó ṣe wúwo tó. Lẹ́yìn náà ni inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, bí ìṣe mi.

"Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni, Mà?"

"Mo mọ bàbá kékeré rẹ," ó ní.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí pé ẹbí ni wá.

"Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà yẹn. Mo wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí pé gbogbo èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín." Ó ń fọwọ́ wá pẹ́ńsùlù rẹ̀ lórí tábìlì, inú irun rẹ̀ ló wà. "Nígbà tí mo rí orúkọ ìdílé ẹ, tí mo sì rí i pé ìwọ lo fẹ́ wọn Àlejò, mo mọ̀ pé bí nọ́ńbà ẹ bá fi lè sún mọ́ tiẹ̀, wọ́n á ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló sè é fún un. Mo wá ní, bó bá jẹ́ òótọ́, kò gbọdọ̀ sí ihò kankan tí ẹnikẹ́ni á gbà wọlé. Ìdí ìbéèrè méjìléláàádọ́fà nìyẹn. O rò pé mo kórìíra ẹ, àbí?"

Ojú tì mí débi tí mi ò lè purọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó hàn nínú bó o ṣe ń kọ̀wé. Ó yá, lọ ṣe àtúnṣe tó o ní kò pọn dandan. Lẹ́yìn náà, kọ gbogbo ohun tó o sọ fún mi yìí sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, kí gbogbo wọn rí i."

Mo kọ ọ́, mi ò fi ẹyọ kan pa mọ́. Ọ̀gá kà á, ó sì gbé bísíkíìtì méjì wá sórí tábìlì mi. Àtúnṣe náà gba Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì tán pátápátá. Mo ṣe é pẹ̀lú sùúrù, nítorí mi ò mọ ibi tó ń gbé èsì lọ mọ́. Ó ti pẹ́ tí ara tù mí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé dé. Àwa méjìlá la kó ara wa sínú yàrá ìpàdé. Olùtọ́jú dátà kó fáìlì gidi wá, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ọ̀gá yọ ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀ kúrò. Wọ́n ní kí n tẹ bọ́tìnì tó máa mú kóòdù náà ṣiṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, a sì jókòó tì í fún ogójì ìṣẹ́jú tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò. Ọ̀gá jẹ bísíkíìtì mẹ́sàn-án. Mo kà á.

Nọ́ńbà náà jáde: 209. Àlàfo àṣìṣe rẹ̀, ìyẹn iye tó lè fi lọ sókè tàbí kó fi wálẹ̀, kò ju méje lọ.

A tún un kà. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá, ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè, pariwo débi pé àwọn ará yàrá kejì sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ju ìlọ́po méjì 90 lọ! Gbogbo ìwé tí wọ́n ti kọ nípa Àlejò láti ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n máa tún kọ. Ìyá Ìbéèrè ya àpòòwé rẹ̀, ó fi hàn wá: ó ti gé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kúrò lára gbogbo àkókò náà. Bí àtúnṣe Ọjọ́bọ̀ ṣe tún wọ̀ ọ́, gbogbo ìṣirò náà bá ara mu. Wọ́n ń dì mọ́ mi, wọ́n ń gbọn ọwọ́ mi. Mo ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ náà mọ́, kò sí ẹni tó lè fi ẹnu bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rín yẹn, mo ń ronú Bàbá Kékeré. 209 kì í ṣe 150. Nọ́ńbà tirẹ̀ náà kò tọ̀nà. Ó súnmọ́ ọn ju àwọn tó fi í ṣẹ̀sín lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò lè dá orúkọ rẹ̀ padà fún un bí mo ṣe fẹ́. Mo ní mi ò ní jẹ́ kó gbọ́ ọ lórí fóònù.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ń dúró dè mí lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, torí pé mo ti sọ fún un pé mò ń bọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó mú mi wọ ilé ìdáná, ó sì fa àga fún mi. Kò bi mí léèrè. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, ó ń wò mí.

"Ẹ dákun, Bàbá Kékeré, kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ, mo purọ́ fún yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá," mo ní. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí kóòdù tó wọ ibi tí kò yẹ dé orí àpòòwé Ìyá Ìbéèrè. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ń jiyàn nínú ìpàdé, ó di ojú rẹ̀.

"Èsì ńkọ́?" ó bi mí.

"209, sà. Ẹ má bínú. Kì í ṣe tiyín."

Ó sorí kodò. Mo rò pé mo ti pa á lára, mo dìde kí n lọ dì í mú, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Ó fi ọ̀pá rọra wọ yàrá rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ tó ń fa dúrọ́ọ̀. Nígbà tó jáde, àpòòwé ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbó.

"Àlejò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo ní nígbà yẹn," ó ní. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀, 204 ló jáde."

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.

"Gbogbo èèyàn ló ń retí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọlọ́pọlọ pípé ti ṣírò ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà yẹn, kò sí pé à ń da aṣọ bo nǹkan. Mo rí 204, ẹ̀rù sì bà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó pẹ́ láyé jù nínú wọn. Mo ní èyí ò mọ́ tó. Mo ní tọ̀hún jọ ìdọ̀tí. Bí mo bá ti yọ ọ̀kan, màá tún ṣírò ẹ̀. Nígbà tí mo yọ mọ́kànlá, ó di 150, mo wá rò pé ìyẹn á ṣeé gbọ́ sétí àwọn èèyàn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ o, ọmọ mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo gba ara mi gbọ́. Ìgbà tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín tán ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá wọn jà? Wọ́n ní mo ṣìṣe. Mo ṣìṣe lóòótọ́."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ta ló máa gbà á gbọ́? Mo ṣáà ní kí n máa sọ fún ẹ pé má wò ó."

Ó da inú àpòòwé náà sórí tábìlì. Ìwé mọ́kànlá ló jáde, wọ́n ti pọ́n láwọ̀. Àwòrán Àlejò kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ìlà kékeré tó rìn, àti ibi tó ti tú ká. Mo fà wọ́n sọ́dọ̀ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ti wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú wọn láti ọdún mẹ́ta. Ó jókòó, kò mí, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de máàkì. Mo wo kọkànlá tán, mo tò wọ́n jọ.

"Kò sóhun tó ṣe ọ̀kankan nínú wọn, sà," mo ní. "Àlejò ni gbogbo wọn."

Ó mí kanlẹ̀, mímí gígùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún. A ò tètè dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ó kó àwọn ìwé náà padà sínú àpòòwé, ó tì í sí mi.

"Mú un lọ," ó ní. "Obìnrin yẹn, Ìyá Ìbéèrè yín, fún un. Kó bi mí ní ìbéèrè tó bá wù ú. Màá dáhùn."